Ohun Tó Ń Bí Àwọn Agbágéèmù Nínú sí Ilé-iṣẹ́ Tó Ṣe Géèmù Wọn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tó bá ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ọ̀dọ́ ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Ìyàrá lónìí ti rí i rí: ọmọ tẹjú mọ́ fóònù, ó pariwo, ó ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Àgbà á ní ṣebí wọ́n nà án ni, kó lọ jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fetí sí ohun tó ń sọ, kì í ṣe ẹni tó nà án ló ń bú. "Wọ́n ti ba géèmù yìí jẹ́." "Owó wa nìkan ni wọ́n ń wá." "À ń sọ̀rọ̀, wọn ò dáhùn." Ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà ló ń bá wí. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìbínú yẹn fún ẹni tí kò gbá géèmù rí, nítorí ó ní ìdí, ìdí náà sì kan owó tó ń jáde nínú ilé yín.

Ẹni tó bá ti yà sí ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Kàbà rí á ti rí PlayStation 2 tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ògiri, àwọn ọmọ tò sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń retí kí ó kàn wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni Sony ti ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ yẹn. Síbẹ̀, bí díìsì bá wà, tí páàdì kò bàjẹ́, tí iná sì wà, wọn á gbá PES, géèmù bọ́ọ̀lù, lónìí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbá a lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Kò sẹ́ni tó lè jókòó sí Tokyo kó yí i padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ni díìsì ló ni géèmù.

Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan péré ló wà lórí fóònù ọmọ yín: àwòrán, ohùn, ibi tí ó ń tẹ̀. Apá kejì wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní sáfà, tí ilé-iṣẹ́ náà ń darí láti ìlú òkèèrè. Sáfà ló mọ orúkọ ọmọ náà, ìpele tó dé, agbábọ́ọ̀lù tó ní, ìbọn tó rà, iye kọ́ìnì tó kù sí i lọ́wọ́. Sáfà ló ń wá ẹni tí yóò bá a gbá. Bí fóònù bá sọnù, ohun gbogbo ṣì wà níbẹ̀. Yóò kàn fi àkáǹtì rẹ̀ wọlé lórí fóònù mìíràn ni. Ìrọ̀rùn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tọ́jú nǹkan yìí kan náà lè yí òfin géèmù padà lóru, ó lè fi owó lé ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lánàá, ó sì lè ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Orí agbára yìí ni gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò fún yín dá lé.

Àwọn ọmọ wa rí i lára PES náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, Konami, ilé-iṣẹ́ Japan tó ni PES, gbé eFootball jáde rọ́pò rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù rí wúruwùru, eré ń kọsẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ṣèlérí kò tíì sí níbẹ̀. Kíá ló di géèmù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa jù lọ lórí Steam, ọjà ńlá tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń ra géèmù. Konami tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó di oṣù Kẹrin 2022 kí ẹ̀dà tó sàn díẹ̀ tó dé. Ẹni tó ní díìsì PES nílé kò pàdánù nǹkan kan. Lórí fóònù ńkọ́? PES Mobile fúnra rẹ̀ ni àpúdéètì sọ di eFootball ní oṣù Kẹfà 2022. Kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé, "Ti tẹ́lẹ̀ ló wù mí, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Kí wá ni ẹni tó sanwó rà gan-an? Kí géèmù tó ṣí, ìwé àdéhùn gígùn kan á jáde, gbogbo ènìyàn á sì tẹ̀ ẹ́ pé àwọ́n gbà, láì kà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ kò ta géèmù fún ọ. Ó fún ọ láṣẹ láti máa lò ó ni, ó sì lè gba àṣẹ náà padà. Gbogbo wa ní ilẹ̀ Ọ̀kun mọ ẹni tó tọrọ ilẹ̀ dáko. Wọ́n á ní kó gbin iṣu, kó gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kó má gbin kajú, nítorí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí onílẹ̀ bá fẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbin kajú sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, alaalẹ́ ló ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ, tó ń gun ìpele lórí ìpele, tó ń fi owó díẹ̀díẹ̀ kún un. Onílẹ̀ gan-an ló sì ń rọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ pé kó gbin sí i.

Ọ̀rọ̀ géèmù ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ The Crew fi èyí hàn ketekete. Ubisoft, ilé-iṣẹ́ Faransé, gbé e jáde ní oṣù Kejìlá 2014. Wọ́n tà á bí wọ́n ti ń ta ọjà, àwọn kan tilẹ̀ ra díìsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tilẹ̀ fẹ́ dá wa ọkọ̀ nínú rẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni díje, àfi kó kàn sí sáfà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2024, Ubisoft pa sáfà náà. Díìsì wà, ẹ̀rọ wà, iná wà, géèmù kò ṣí mọ́. Èyí ló mú kí Ross Scott, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ti pẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ nípa géèmù, dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ pa sáfà, kó fi géèmù sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á á fi lè máa gbá a lọ. Ní oṣù Keje 2025, àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ní California ní Amẹ́ríkà, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025 tó ní kí àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa sọ ọ́ kedere fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò ló ń rà. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé ní èdè tó tètè yéni. Nínú gbogbo ìwé àdéhùn géèmù tí mo ti kà, n kò tíì rí èyí tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀.

Orí owó ni ariwo ti ń pọ̀ jù. Àgbà á béèrè pé, ṣebí ọ̀fẹ́ ni géèmù náà? Ọ̀fẹ́ ni láti wọlé. Free Fire, Call of Duty: Mobile, PUBG Mobile, eFootball, kò sí èyí tó ń gbowó ẹnu ọ̀nà. Inú ilé ni wọ́n ti ń tajà: aṣọ, àwọ̀ ìbọn tí wọ́n ń pè ní skin, agbábọ́ọ̀lù, ọ̀nà àtitètè gòkè. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń gbá a kì í san kọ́bọ̀. Ìwọ̀nba àwọn tó ń náwó gan-an ló ń gbọ́ bùkátà sáfà àti owó oṣù òṣìṣẹ́. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹni tó ra aṣọ fún ẹ̀dá inú géèmù rẹ̀ kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìjà máa ń bẹ́ nígbà tí ohun tí wọ́n ń tà bá di agbára àtiborí ẹlòmíràn, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní pay to win. Ó sì máa ń burú sí i nígbà tí wọn kò bá tà á ní gbangba, tí wọ́n dì í sínú àpótí. O sanwó, àpótí ṣí: o lè bá Messi níbẹ̀, o lè bá agbábọ́ọ̀lù tí o ti ní ní mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Loot box ni wọ́n ń pe àpótí yìí. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, pack ni. Ọmọ tó ṣa kajú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tó fi owó rẹ̀ ṣí pack, tí kò rí ẹni gidi kan níbẹ̀, ẹ má bi í ìdí tí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Oṣù Kọkànlá 2017 ni ọ̀rọ̀ àpótí yìí bú jáde. EA, ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, fẹ́ gbé Star Wars Battlefront II jáde, géèmù olówó gọbọi. Síbẹ̀ Darth Vader, ẹ̀dá tí gbogbo ènìyàn fẹ́ lò, wà lẹ́yìn àgádágodo: 60,000 kírẹ́díìtì inú géèmù ni owó ìṣílẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn agbágéèmù ṣírò rẹ̀, wọ́n ní yóò gba nǹkan bíi 40 wákàtí, àpótí tí wọ́n sì ń fowó gidi rà wà nítòsí fún ẹni tó bá fẹ́ tètè lágbára. Nígbà tí àwọn ènìyàn fẹjọ́ sùn, EA kọ èsì lórí Reddit, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń jíròrò, pé ohun tí àwọ́n ń fẹ́ ni kí agbágéèmù lè yangàn pé òun ṣiṣẹ́ kí òun tó rí i gbà. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ pé èsì yẹn kò dára lé ní 600,000, ó sì wọ ìwé Guinness. EA já iye náà wálẹ̀ sí 15,000. Kí géèmù tó jáde gan-an, wọ́n pa gbogbo ọ̀nà ìsanwó inú rẹ̀ ná. Ohun tó dun àwọn ènìyàn jù níbẹ̀ kì í ṣe iye yẹn. Èsì náà ni: ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n bá wọn sọ, wọ́n dá wọn lóhùn bí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní ìwà.

Ní oṣù Kẹrin 2018, àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Belgium kéde pé lábẹ́ òfin ìlú wọn, tẹ́tẹ́ ni irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2019, EA dáwọ́ títa FIFA Points, owó inú géèmù bọ́ọ̀lù FIFA tí wọ́n fi ń ra pack, dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò lè gbà kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ẹ ro èyí wò.

Ti Nàìjíríà tún ní ìnira tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, ohun tí iye dọ́là rẹ̀ kò yí padà ti gbówó lórí mọ́ wa lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, détà sì wọ́n sí i. Nítorí náà, bí àpúdéètì gígábáìtì kan bá dé, tí ọmọ jókòó tì í títí ó fi wọlé, tó wá rí i pé ṣọ́ọ̀bù tuntun ni ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, owó ti jáde lápò rẹ̀ kó tó ra ohunkóhun. Ẹni tó ń gbé níbi tí détà kò ti wọ́n kì í ka èyí sí.

Ìyípadà inú eré gan-an ni ẹni tó wà níta kì í tètè lóye. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń wí pé, "Wọ́n ti nerf ìbọn mi." Ìbọn tó ń fi ọta mẹ́rin pa ọ̀tá tẹ́lẹ̀, àpúdéètì ti sọ ọ́ di ọta mẹ́fà. Nígbà púpọ̀ ó tọ́ bẹ́ẹ̀: bí ìbọn kan bá lágbára ju gbogbo ìyókù lọ, òun nìkan ni gbogbo ènìyàn yóò máa gbé, eré á sì sú ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tà á lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n wá rọ agbára rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ni kí ẹni tó rà á rò?

Ìtàn tó wù mí jù lórí èyí ni ti RuneScape, nítorí a rí àṣìṣe níbẹ̀, a sì rí àtúnṣe. Jagex, ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní 2001. Ayé odidi kan ni: wọ́n ń gégi, wọ́n ń wa kùsà, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń bá ara wọn ṣòwò, wọ́n sì ń jà. Ní ìparí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, kí wọ́n lè lé àwọn tó ń ta góòlù inú géèmù fún owó gidi, Jagex fòpin sí ìjà fàlàlà tó ń wáyé nínú aginjù tí wọ́n ń pè ní Wilderness, wọ́n sì dí ọ̀nà òwò láàárín ènìyàn sí ènìyàn. Olè ni wọ́n ń lé, aráàlú ni wọ́n tì mọ́lé. Ó di 2011, lẹ́yìn tí àwọn agbágéèmù ti dìbò, kí wọ́n tó dá méjèèjì padà.

Ọdún méjì kò tíì pé tí wọ́n tún fi yí gbogbo ọ̀nà ìjà padà lẹ́ẹ̀kan náà, ní oṣù Kọkànlá 2012. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ ìjà àtijọ́ dunjú jí lọ́jọ́ kan, ó di ọ̀gbẹ̀rì. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọn. Ó ṣe oore pé Jagex ní ẹ̀dà géèmù náà kan ní ìpamọ́ láti oṣù Kẹjọ 2007. Wọ́n bi àwọn ènìyàn bóyá kí àwọn ṣí i padà, àwọn ènìyàn dìbò, ó sì ṣí ní oṣù Kejì 2013, Old School RuneScape ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn agbágéèmù ló ń dìbò lórí ohun tuntun ńlá tí yóò wọ inú rẹ̀. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń béèrè fún tẹ́lẹ̀, ó ti di 70 báyìí. Ẹ̀dà àtijọ́ yìí ló sì wá ní èrò ju tuntun lọ. Ìbò kò sọ Jagex di ẹni mímọ́ o: ní oṣù kìíní 2025, wọ́n fi ìbéèrè ṣọwọ́ sí àwọn oníbàárà nípa ètò owó oṣù tó lè ní ìpolówó ọjà nínú, ariwo sì tún ta. Ṣùgbọ́n ariwo ilé ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á dá òun lóhùn yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta.

Àwọn tó ń gbá Overwatch, géèmù ìjà kan, ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta. Ọdún 2016 ni Blizzard, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún owó. Ní oṣù Kẹwàá 2022, Overwatch 2 gba ipò rẹ̀, wọ́n sì pa ti àkọ́kọ́. Ìlérí tó tóbi jù nípa èkejì, láti 2019, ni ẹ̀ka kan tí àwọn agbágéèmù á ti para pọ̀ bá kọ̀ǹpútà jà. Ní oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìlérí náà kò ní wáyé mọ́. Ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ kò rí ibi padà sí, kò sì rí ibi tí wọ́n ní àwọ́n ń mú un lọ.

Ta wá ni kí a bá wí? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹni tó ṣe géèmù àti ẹni tó ń gbé e jáde, tó ń náwó lé e, lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ méjì. Helldivers 2, tó jáde ní oṣù Kejì 2024, Arrowhead ní Stockholm ló ṣe é, Sony ló gbé e jáde. Ní oṣù Karùn-ún, Sony pàṣẹ pé ẹni tó rà á lórí Steam gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì PSN, ìyẹn ìkànnì PlayStation tí Sony ní. Bẹ́ẹ̀ PSN kò sí ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wa tó ní PlayStation fi máa ń mú orílẹ̀-èdè mìíràn nígbà tí wọ́n bá ń ṣí àkáǹtì. Wọ́n ti ta ọjà fún ènìyàn tán, wọ́n wá ní ìlú rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó kọ̀wé lòdì sí i lórí Steam lé ní 200,000, Sony sì ká àṣẹ náà kò. Ọwọ́ Sony ni àṣẹ ti wá, orí Arrowhead ni èébú kọ́kọ́ bà lé. Àmọ́ ọ̀gá Arrowhead fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí géèmù tó jáde, àwọn kò kàn ṣàlàyé rẹ̀ tó ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìjẹ́wọ́ yẹn.

Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè yín lórí ìkànnì kọ́ ló ń pinnu owó pack. Òṣìṣẹ́ ni, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ kan náà pẹ̀lú yín ló gbọ́ ọ. Àwọn kan ti ń kọ ọ̀rọ̀ ikú sí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ àti sí ìdílé wọn. Ìyẹn kì í ṣe ìráhùn mọ́, ìwà ọ̀daràn ni. Ó sì tún ń fún ilé-iṣẹ́ ní àwáwí láti dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Sáfà ọ̀pọ̀ géèmù ńlá jìnnà sí wa, ọ̀rọ̀ tí fóònù ń sọ ní Ìyàgbà ní láti lọ kó sì bọ̀ kí ìbọn tó dún. Bí eré bá ń fà, ẹ pe ọ̀rẹ́ ní Èkó tàbí Ìlọrin. Bí tiwọn bá ń lọ geere, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yín ni. Bí gbogbo yín bá jọ ń ráhùn ní wákàtí kan náà, sáfà ni.

Ní ti owó tó ti jáde: ní oṣù Kejìlá 2022, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, bá Epic, tó ni géèmù Fortnite, fẹnu kò pé kó san 245 mílíọ̀nù dọ́là nítorí bọ́tìnnì tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà àti ohun tí àwọn ọmọdé ń rà láì gba àṣẹ òbí. A kò ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ níbí, nítorí náà ẹ yọ káàdì yín kúrò lórí fóònù tí ọmọ ń lò, kí ẹ sì jẹ́ kí Google Play máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kó tó gbowó. Steam máa ń dá owó padà bí èèyàn bá béèrè láàárín ọjọ́ 14 tí kò sì tíì gbá géèmù náà tó wákàtí méjì. Lórí Google Play, wákàtí 48 lẹ́yìn ìsanwó ni kí ẹ má jẹ́ kó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe géèmù náà ni wọ́n á ní kí ẹ lọ.